Họ́ọ̀bù Ẹ̀yìn Ẹlẹ́ńgà àti Ẹsẹ̀ Màmá Rẹ

Thinkers Corner, Enugu.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ṣoṣo la ń wọ̀ láti ilé wa dé ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Abakpa, mo sì mọ̀ pé fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Bàbá wo ló ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó rí lánàá? Èmi ni. Mo tún wá fi Yorùbá kọ ọ́, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní jáde láti inú mi ní èdè mìíràn. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì àti pídíjìn ni ẹnu rẹ mọ́ jù, àwa òbí rẹ la sì jẹ̀bi rẹ̀. Rọra kà á. Bí o bá dé ibi tí kò yé ọ, má ṣe fò ó, padà sẹ́yìn díẹ̀ kí o tún un kà sókè. Ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì gbé sípánà sílẹ̀.

Lánàá tí mo yà sọ́dọ̀ rẹ, orí mi kọ́kọ́ wú. Mo rí Ẹlẹ́ńgà, ọkọ̀ kékeré eléjókòó méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa, lókè lórí irin ìdúró. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ṣáàfù ẹ̀yìn tuntun, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ táyà, tí o ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìlú Ọba sì ń dán lórí tábìlì. O ṣàlàyé wọn fún mi bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní orúkọ irin. O ní ṣáàfù àtijọ́ jẹ́ apá méjì tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì, tí eyín wọn ń yọ̀ síwá sẹ́yìn bí táyà bá ń lọ sókè sódò. O ní tuntun yìí ní bọ́ọ̀lù irin nínú oríkèé rẹ̀, kò ní há, kò sì ní fò. Mo kàn ń mi orí. Nínú mi lọ́hùn-ún mò ń sọ pé ọmọ tí mo bí ti mọ iṣẹ́ jù mí lọ, ó sì dùn mọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí họ́ọ̀bù méjèèjì, ibi tí a ń de táyà mọ́, tí ṣáàfù fi ń yí i. Họ́ọ̀bù àtijọ́ ni. O ti fọ̀ wọ́n, o ti kùn wọ́n ní dúdú, o sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàfù tuntun, o fẹ́ dá wọn padà síbi tí wọ́n wà. Mo bi ọ́ pé, "Àwọn yìí ńkọ́?"

O ní, "Daddy, àwọn hub yẹn dáa jàre. No noise, no shake. Tí wedding bá ti kọjá, a máa wò ó."

Emeka àfẹ́sọ́nà rẹ, tó jókòó sórí àpótí tó ń mu míńírà, bá ọ gbè é lẹ́sẹ̀: "Daddy, you yourself don drive am thirty years. E do you anything?"

Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa irú gírísì tó dáa, bí òmùgọ̀. Mo kí yín, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo sì ń bú ara mi títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ náà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Papa, na me you dey abuse?" Mo ní rárá, ara mi ni.

Ohun tó yẹ kí n sọ lánàá nìyí. Má ṣe dá họ́ọ̀bù wọ̀nyẹn padà. O ti ṣèlérí fún màmá rẹ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí ọ̀la, inú Ẹlẹ́ńgà lo máa fi gbé e láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi àríyá ní Nike Lake. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gbé e. Irú họ́ọ̀bù yẹn gan-an ló ṣe ẹsẹ̀ màmá rẹ.

Mo mọ̀ pé o ti gbójú sókè. Jókòó.

Láti kékeré ni a ti ń sọ fún ọ pé àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá rẹ ti yọ̀ ṣubú nínú òjò, tí orúnkún rẹ̀ fi le, tí kò sì ṣeé ká mọ́. O gbà wá gbọ́ débi pé títí o fi tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, o kò jẹ́ gun àtẹ̀gùn náà, èmi ni mo ń gbé ọ kọjá lọ́jọọjọ́ ìsinmi, àwọn ará ìjọ á sì máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ ni, ọmọ mi. Àtẹ̀gùn náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí. Èmi ni mo ṣe é.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá mi. O mọ̀ pé akọ̀wé rélùwéè ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó fẹ́ padà sílé ló ta ọkọ̀ náà fún wọn. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń ra ọkọ̀ tó lè kó ìyàwó, ọmọ àti àpò iṣu. Bàbá mi ra èyí tí kò lè kó ju ènìyàn méjì lọ, tí kò ní òrùlé gidi, tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún bí ti àwọn ará ìlú Ọba. Ìyá mi kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí pé ọkọ̀ náà láwọ̀ ewé, tó sì rẹlẹ̀ nílẹ̀, bàbá mi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́ńgà. Ìdí kejì tún wà. Bí ènìyàn bá ń sá eré nínú kọ́nà, tó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì lórí iná, ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ìdí ọkọ̀ náà á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹlẹ́ńgà ti fò." Àwa náà á rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tó fi ń fò.

Ìwọ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Eyín ṣáàfù àtijọ́ ló ń há mọ́ra wọn bí ẹ́ńjìnnì bá ń tì wọ́n. Bí a bá wá gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n á tú ara wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, họ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbá. Ọdún dé ọdún ni wọ́n fi ń gbá a, àwa sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ irin ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí o fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìtìjú mi wà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé irin tó ń ru ẹrù tó sì ń yí, bó bá ti sán, a kì í jó o pọ̀, ńṣe là ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ á dúró títí kíláàsì á fi parí.

Mo ti rí màmá rẹ nígbà náà. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọmọ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ èédú, ará Ìjẹ̀bú tó le bí òkúta. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ọmọ òun kò ní jókòó sínú ọkọ̀ aláìlórùlé pẹ̀lú ọkùnrin kankan kí ìdána tó wáyé. Èmi náà gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún un pé ní Sátidé kan báyìí, a máa gun òkè lọ sí Ninth Mile, a máa jẹ ọ̀kpà gbígbóná tí wọ́n ń sè nínú ewé bí ọ̀lẹ̀, a ó sì ti padà dé kí bàbá rẹ̀ tó jí lójú oorun ọ̀sán.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tú táyà ẹ̀yìn òsì nítorí bíréèkì, mo sì rí ìlà kan lára họ́ọ̀bù, tín-ín-rín bí irun. Mo fi aṣọ nù ún, kò kúrò. Mo mọ ohun tó jẹ́. Kò sí irú họ́ọ̀bù náà ní gbogbo Enugu, bí mo bá sì kọ̀wé sí ìlú Ọba, ó di oṣù mélòó kan. Sátidé sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé họ́ọ̀bù náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Coal Camp.

Ọkùnrin yẹn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, "Teacher, this one no be welding work. I fit join am, but I no fit return the power wey don comot." Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Mo wá gbéra ga sí i, mo ní ta ni nínú àwa méjèèjì ló ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ irin? Ó wò mí lójú. Ó jó o. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, o kò lè rí ojú ibi tó ti jó o. Bí mo ṣe ń lọ, ó tún pè mí padà. Ó ní, "Make you no put person for inside o."

Mo gbọ́ ọ, Mojí. Kì í ṣe pé n kò gbọ́. Mo tiẹ̀ dá a lóhùn, mo ní, "No worry." Ní Sátidé yẹn, mo gbé màmá rẹ sínú ọkọ̀ náà.

Ọ̀sán náà dára. A gun òkè Milliken, a jẹ ọ̀kpà wa, màmá rẹ sì rẹ́rìn-ín púpọ̀ ju bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, kọ́nà ń tẹ̀lé kọ́nà gẹ́gẹ́ bí o ṣe mọ ọ̀nà yẹn. Ó ní, "Bọ̀dá Délé, ẹ rọra." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo fẹ́ kó rí bí Ẹlẹ́ńgà ṣe ń fò. Mo tẹ iná, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú kọ́nà, fún eré. Ìdí ọkọ̀ náà fò, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà mo rí táyà kan tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo tiẹ̀ rò ó pé ti ẹlòmíràn ni. Màmá rẹ ní, "Táyà wa kọ́ nìyẹn?"

Ìdí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ lápá òsì, ó ń ha ojú ọ̀nà, ó yí wa po, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì gbá òkúta etí gọ́tà. Apá òsì ni èrò ń jókòó nínú ọkọ̀ náà. Ilẹ̀kùn ká mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ń wí pé, "Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi mọ̀."

Lórí ibùsùn níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ló ti ronú kan àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló dá irọ́ náà, kó lè ṣeé ṣe fún mi láti fẹ́ ẹ. Èmi ni mo sì ń jẹ èrè irọ́ náà láti ìgbà yẹn. Mo sọ fún bàbá mi pé èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀. Fún àwọn àna mi, mo bá wọn kẹ́dùn lórí àtẹ̀gùn tó ń yọ̀. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, mi ò sá fún ọmọbìnrin tó di arọ. Títí wọ́n fi kú, wọ́n ń yìn mí nítorí rẹ̀. Mo gba ìyìn náà. Kò sí ohun tó ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Báyìí, gbọ́ ohun tó kàn ọ́ gan-an. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, mo wá họ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kan fún ẹ̀yìn òsì. Ti ẹ̀yìn ọ̀tún, n kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ ìyá èyí tó kán ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé Enugu, fífò tí èyí òsì fò náà lòun náà fò. Òun wà nínú àwọn méjì tí o kùn ní dúdú. Ìwọ àti Emeka gbẹ́kẹ̀ lé e torí pé èmi ti wà á fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ kò mọ̀ pé láti ọjọ́ náà n kò gun òkè Milliken nínú rẹ̀ mọ́, pé n kò tẹ iná rẹ̀ dé ìdajì, pé Thinkers Corner sí ọjà sí ilé ni mo ń wà á, pé n kò sì jẹ́ gbé ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. O rò pé bàbá rẹ ahun ni, tí kì í gbé ènìyàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìdákẹ́jẹ́ mi lo rí tí o pè ní ẹ̀rí pé irin náà dára.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti jẹ́wọ́. Jẹ́ kí n wá gbà ọ́ nímọ̀ràn báyìí, torí pé lórí ìyẹn, ọkàn mi balẹ̀ dáadáa, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Màá ka á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí tíṣà.

Èkíní, họ́ọ̀bù méjèèjì ni kí o pààrọ̀, òsì àti ọ̀tún, lọ́jọ́ kan náà. Má ṣe gba tòkunbọ̀. Ra èyí tí àwọn tó ṣe é ti to pọ̀ mọ́ bíárìn rẹ̀, àwọn irin kéékèèké tó ń jẹ́ kó yí, láti ibẹ̀ wá, tí irin rẹ̀ nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Ṣáàfù tuntun rẹ lágbára. Bí o bá so irin tó lágbára mọ́ èyí tó ti rẹ̀, èyí tó ti rẹ̀ ni gbogbo ìyà máa jẹ. Ìwọ fúnra rẹ mọ èyí. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí o rántí.

Èkejì, má ṣe fi òòlù lu àtijọ́ tó wà lórí tábìlì láti tú u, má sì ṣe rò pé o lè yọ bíárìn rẹ̀ kí o fi tuntun sí i. Ó ti di mọ́ra jù, bí o bá sì fi ipá tú u, o ti ṣe é léṣe níbi tí ojú rẹ kò tó. Jẹ́ kó lọ. Bí tuntun bá dé, fi sípánà tó ń wọn agbára fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, má fi apá díwọ̀n. Nọ́ọ̀tì tí a bá ti tú lẹ́ẹ̀kan, ra tuntun. Lẹ́yìn tí o bá wà á lọ sí Nike Lake tí o sì padà, tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò kí o tó wà á lọ síbòmíràn.

Ẹ̀kẹta, má ṣe jẹ́ kí déètì ṣiṣẹ́ mẹ́káníìkì fún ọ. Sátidé ló jẹ́ kí n gbé họ́ọ̀bù yẹn lọ sí Coal Camp. Sátidé ló tún ń lé ìwọ náà báyìí. Bí họ́ọ̀bù kò bá dé títí ìgbéyàwó, kẹ̀kẹ́ wà. Kí wọ́n so ríbọ́nì funfun mọ́ ọn níwájú, kí ìyá ìyàwó wọlé síbẹ̀ bí ayaba. Kò sẹ́ni tó máa kú. Gbólóhùn tí mo kọ gbẹ̀yìn yìí, mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́.

Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá sọ fún ọ pé rárá, fetí sí i ju ẹni tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ. Ìwọ náà ti di ọ̀gá báyìí, àwọn ènìyàn á máa wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ pẹ̀lú ìkánjú tiwọn, wọ́n á máa sọ fún ọ pé àwọn mọ ohun tí àwọn ń ṣe. Wẹ́dà yẹn kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. N kò padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì padà lọ sọ fún un pé òun ló tọ̀nà. Nígbà tí mo wá gbójú, ó ti kó kúrò ní Coal Camp. Nítorí náà, bí ó bá di pé kí o jó irin tí kò yẹ ní jíjó fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, dá a padà fún un. Bí ó bá gbéra ga sí ọ, jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Kò burú.

Ọ̀rọ̀ nípa bàbá mi ló kù. Ìgbà mélòó lo ti bẹ̀ mí pé kí a yí ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí padà sí ti ìgbàlódé? Mo máa ń bínú, mo máa ń ní ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, o kò tiẹ̀ bi mí kí o tó tú u. O rò pé ìfẹ́ bàbá mi ló ń bá mi jà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ibẹ̀ ni, kí wọ́n má baà rí ohun tí mo fi pamọ́. Bàbá mi gan-an kò ní kọ ṣáàfù tuntun. Wọ́n á jókòó tì ọ́ pẹ̀lú ìwé àti gègé, wọ́n á máa kọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀tì sílẹ̀. Yí i padà, ọmọ mi. Bí kò bá fò mọ́, a ó ṣì máa pè é ní Ẹlẹ́ńgà.

Fún ilé rẹ pẹ̀lú Emeka: nǹkan tó bá ń fò díẹ̀díẹ̀ nínú kọ́nà, ẹ má ṣe fún un ní orúkọ kí ẹ sì máa fi rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́, bí inú bá ń bí ọ, ńṣe lo máa ń dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ mi lo ti rí i. Má ṣe jẹ́ kí Emeka máa sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Na so she dey do." Sọ ohun tó ń dùn ọ́ ní ọjọ́ tó bá dùn ọ́. Kí òun náà sọ tiẹ̀. Bí o bá ṣe àṣìṣe tó lè pa á lára, jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bó bá fẹ́ kó bínú, kó bínú. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ náà máa dúró. Mo ti wò ó dáadáa. Ẹni tó lè jókòó sórí àpótí fún wákàtí mẹ́ta nítorí pé o ń tú nọ́ọ̀tì, kò ní sá nítorí òtítọ́.

Ṣé o rántí agolo bisikíìtì tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù wa, tí mo jágbe mọ́ ọ nítorí rẹ̀ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje? Ìwọ àti màmá rẹ máa ń sọ pé góòlù ni mo kó sínú rẹ̀. Òun ló wà nínú àpò tó bá lẹ́tà yìí wá. Ṣí i. Ìdajì họ́ọ̀bù tó kán ni. Wo ibi tó ti kán dáadáa, wàá rí i pé ojú jíjó wẹ́dà yẹn ṣì dúró digbí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ya, níbi tí agbára ti kúrò, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin náà ṣe sọ. Gbé e sórí tábìlì rẹ kí àwọn tó ń kánjú máa rí i.

Mo rò pé mo ti parí lẹ́tà yìí. Bí mo ṣe ń wá àpòòwé, màmá rẹ jáde láti inú yàrá, ó rí agolo náà lórí tábìlì, ní ṣíṣí. Ó fa àga, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú bó ṣe máa ń nà án, ó sì ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ wẹ́dà, mo rọra kà á, torí pé ibẹ̀ yẹn ni n kò sọ fún un rí. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó mọ̀ pé táyà yọ. Kò mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi.

Ó mú irin tó kán náà nínú agolo, ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ẹ kò sọ, Bàbá Mojí. Ẹ rò pé ọkọ̀ yẹn ni mo ń bẹ̀rù tí n kò fi wọ̀ ọ́ mọ́? Mo ń dúró dè yín ni."

Mo bẹ̀ ẹ́. N kò ní kọ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ síhìn-ín. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì fẹ́ kí o bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ èmi àti òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ní òun náà ní ohun tí òun fẹ́ kọ sí ọ. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò ní dákẹ́ mọ́,
Délé.

Mojí, kẹ̀kẹ́ ni màá wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Bí họ́ọ̀bù tuntun bá ti dé, tí o ti dè é, tí o sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, wá gbé mi, a máa lọ jẹ ọ̀kpà ní Ninth Mile. Apá òsì ni màá jókòó. Bàbá rẹ lè fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wa. Màmá.